Háípà, Háípò

Ojú fèrèsé káàdì ni mo máa ń jókòó sí ní Ìdí-Àbà,
ọdún kọkànlá rèé tí mò ń ka ìwé ọwọ́ dókítà,
ìwé tó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú eérú.
Òjò ọ̀sán kan ló já wọ inú àká káàdì,
omi jẹ ti Màmá Ṣówèmímọ̀ láti etí dé ìdí.
Mo tún un kọ. Èmi ni. Kò sẹ́lòmíràn.

Dókítà kọ Háípà.
Bírò mi, ebi ọ̀sán ń pa á, ó kọ Háípò,
tẹ́ńṣàn sì tẹ̀ lé e bí ìrù ṣe ń tẹ̀ lé ajá,
kò bi mí léèrè ajá ta ni.

Ọmọ ọmọ wọn gbé káàdì náà lọ fún oníkẹ́míìsì ní Láfẹ́nwá.
Ọkùnrin náà fọwọ́ ra irùngbọ̀n,
ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ màmá ti wálẹ̀ jọjọ.
Ẹ wá iyọ̀ fún wọn."
Kò purọ́. Ohun tí mo kọ ló kà.

Ni iyọ̀ bá wọlé.
Iyọ̀ nínú ògì àárọ̀, iyọ̀ lórí ẹ̀wà,
iyọ̀ lórí ìbẹ́pẹ, ẹ gbà mí, lórí ìbẹ́pẹ!
Ọrùn Màmá gbóná bí òkúta Ìjẹ̀mọ̀ lọ́sàn-án gangan,
etí wọn ń hó bí ìkòkò,
bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, àfi kí wọ́n jókòó lágbedeméjì.
Ará ilé ní iyọ̀ ò tíì tó.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n gbé wọn dé.
Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá so rọ́bà mọ́ wọn lápá,
ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo káàdì, ó tún wo ojú ẹ̀rọ.
"Ta ló kọ eléyìí?"
Gbogbo yàrá dákẹ́. Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Mo ti gbọ́ pé tíṣà ni Màmá nígbà kan.
Ní ìlú Ẹ̀gbá, mo ń retí ẹgba.
Lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn, tí wọ́n sùn, tí wọ́n jí,
wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n mú bírò dání.
"Kọ odò tó gba abẹ́ afárá Láfẹ́nwá kọjá."
Mo kọ Ògùn.
"Kọ ohun tí nọ́ọ̀sì fún mi lò."
Mo kọ oògùn.
"Kọ ohun tó ń ṣàn níwájú orí rẹ."
Mo nu òógùn kí n tó kọ ọ́.
"Ṣé o rí i? Àmì orí wọn kò ju ẹsẹ̀ eṣinṣin lọ,
ṣùgbọ́n bí o bá ṣì wọ́n gbé, wàá ní kí aláìsàn mu odò."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mi ò tíì rí dáhùn:
"Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ méjì péré.
Ọmọ ọmọ mi ì bá kà á, èmi náà ì bá kà á.
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ síbẹ̀?"

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ kan bá rú mi lójú,
mo máa ń gun òkè lọ bá dókítà, káàdì lọ́wọ́.
Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Kí-Lẹ-Kọ.
Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń dúró
títí wọn ó fi pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo wá ń fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀, bí a ṣe ń pè é nílé:
àtọ̀gbẹ, làkúrègbé, ẹ̀jẹ̀ ríru.
Dókítà àgbà kan ní mò ń ba káàdì ìjọba jẹ́.

Ọjọ́ tí Màmá ń lọ sílé,
wọ́n na ọ̀rá kan sí mi láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá.
Iyọ̀ ni, ààbọ̀ rẹ̀ ṣì kù.
"Gbà. Ìyàwó rẹ á rí i sebẹ̀.
Sọ fún un kó bù ú níwọ̀nba."